Wáyà Tí A Kọ B Sí Lára

Ìbídùn, ọmọ tí mo bí nígbà tí èmi gan-an ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí sílẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kọ ọ́. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ṣí yàrá ẹ̀rọ. Nínú àpótí wáyà méjì tó wà lórí pẹpẹ irin, gbogbo iná ti òkè ti kú. Òórùn ike tó jó wà nínú yàrá.

Iná àpótí ìsàlẹ̀ ń ṣẹ́jú, àwọ̀ ewé. Mo kà á: mọ́kànlá. Lánàá, méjìlá ni.

Kọ̀ńpútà mẹ́sàn-án tó wà nílé àyẹ̀wò wa tàn, gbogbo wọn. Kò sí èyí tó lè ṣí orúkọ aláìsàn kan.

Ọkùnrin kan dúró níwájú káńtà. Sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì wà lásán. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí nílé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn wa, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, wọ́n sì ní kó sáré wá gba èsì ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò fún un lánàá. Èsì náà wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí èsì máa gbà jáde ni kò sí.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tẹ̀ síwájú lẹ́yìn pẹpẹ irin, mo rí wáyà kan tí bébà kékeré wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kọ B sí i. Mo fi ìka tọ wáyà náà láti ìdí ẹ̀rọ lọ dé ibi tí ẹnu rẹ̀ wọ̀. Àpótí ìsàlẹ̀ ló yẹ kó lọ. Àpótí òkè ló lọ.

Ikùn méjì tí lẹ́tà B náà ní kò dọ́gba. Ti ìsàlẹ̀ yọ síta bíi ti aboyún. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó ń kọ B báyẹn. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó ń kọ́ ọ.

Ohun tí mo rí nìyẹn. Aago kan ọ̀sán ni mo délé. Láti ìgbà náà, mo ti gbé omi kaná lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbàgbé rẹ̀ lórí iná lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jókòó, mo dìde. Ẹnu yà mí débi pé mi ò mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ yìí ló yà mí lẹ́nu jù.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Mummy, calm down, I go explain." Láti kékeré, Yorùbá ni mo máa ń fi bá ọ sọ̀rọ̀, Pijin lo sì máa ń fi dá mi lóhùn. Mi ò bínú sí i rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní, mo fẹ́ kí o jókòó, kí o kà á díẹ̀díẹ̀, kí o máa fi ẹnu pè é bí ojú rẹ kò bá tètè rí i kà. Awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọ̀la ni mo máa fi ìwé yìí rán, kó lè dé ọwọ́ rẹ kí o tó wọ iṣẹ́ tuntun yẹn nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé.

Má rò pé ọ̀rọ̀ wáyà kò yé mi. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́ mi lórí ibùsùn tí mo jókòó lé yìí. O to ìkòkò méjì kalẹ̀, o ní àpótí súwíìsì méjì nìyẹn, kì í ṣe súwíìsì iná ara ògiri, àpótí pẹlẹbẹ tí ihò wáyà kún iwájú rẹ̀ ni. O gbé igbá gààrí sáàárín, o ní ẹ̀rọ ńlá tó ń pa èsì mọ́ nìyẹn. O fa òwú kan láti ara igbá lọ sára ìkòkò kìíní, o fa èkejì lọ sára ìkòkò kejì. Lẹ́yìn náà, o so ìkòkò méjèèjì mọ́ ara wọn, o ní okùn kúkúrú yìí ni wọ́n fi máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí àwọn méjèèjì á fi máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé àpótí kan ni wọ́n. O gbé ìkòkò kìíní kúrò nílẹ̀. O ní, "You see? If one die, the other one go carry am. Nobody go even know."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo fi ìkòkò yẹn se ẹ̀wà fún ọ.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀kan kú, gbogbo ayé sì mọ̀.

Ó tún ku ohun kan tí mo rí. Páálí tí àpótí méjèèjì bá wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ. Orí rẹ̀ ni mo máa ń gbé ìwé lé bí mo bá ń kọ iye iná tí mo kà láràárọ̀. Mo ṣí i. Okùn kúkúrú méjì tó yẹ kó so àpótí méjèèjì pọ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá wọn, ẹnikẹ́ni kò ya ọ̀rá náà. Wáyà lásán kan ṣoṣo lo fi so àpótí òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, iná kejìlá tí mo ń kà láràárọ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọ "gbogbo rẹ̀ dára" sórí páálí tí òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Ọmọ mi, mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró lókè kí n máa nawọ́ sí ọ. Àṣìṣe tèmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ, kí o wá fi tìrẹ wé e.

Èkíní. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ìyá mi ń lọ ra ẹja ní Ubeji, tó ń gbé e wá tà fún àwọn ará Ìjẹ̀bú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Warri. Àwọn apẹja kì í gbẹ́kẹ̀ lé àjẹ̀ kan ṣoṣo. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ wà lọ́wọ́, òmíràn wà nílẹ̀ ọkọ̀, nítorí bí odò bá gba ti ọwọ́ rẹ. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n tọ́jú ọkọ̀, kí n sì so àwọn àjẹ̀ kí omi má baà gbé wọn lọ. Èmi ọmọ tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, mo kó àjẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo dì wọ́n dáadáa, mo sì fi okùn kan ṣoṣo so wọ́n mọ́ òpó kan ṣoṣo. Ó dùn ún wò. Nígbà tí omi kún, okùn kan yẹn ló já. Àjẹ̀ méjèèjì lọ pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó. Ọwọ́ ni a fi wa ọkọ̀ títí a fi dé èbúté, ìyá mi kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọ̀kan lo so. Méjì lo rò pé o so."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbọ́ létí nígbà tí ìka mi dé ẹnu wáyà B. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà méjì bá gba orí afárá kan ṣoṣo, ọ̀nà kan ni. Wáyà rẹ jẹ́ méjì lóòótọ́, ẹ̀rọ náà sì gbà pé méjì ni. Orí àpótí kan náà ni wọ́n jọ kú sí.

Mi ò sì kọ́gbọ́n kíákíá lẹ́yìn àjẹ̀ yẹn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tún so ìwé mi, orúkọ mi àti ọ̀la mi mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin kan. O mọ̀ ọ́n. Imú rẹ̀ ló wà lójú rẹ. Mi ò kábàámọ̀ imú náà rí, ṣùgbọ́n okùn yẹn já.

Nítorí náà, níbikíbi tí o bá dé, má ka iye nǹkan. Máa béèrè ohun tí wọ́n so mọ́. Bí wọ́n bá sọ pé iná méjì ló ń gbé ẹ̀rọ kan, tọ wáyà náà dé ara ògiri. Bí ọkùnrin bá sọ pé òun ní ọ̀nà márùn-ún tí òun máa gbà tọ́jú rẹ, wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ nìkan ni márààrún ti ń jáde.

Èkejì. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ìgbà èwe, àṣìṣe oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n ìwà ọmọdé ló wà nínú rẹ̀. O rántí ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa fa iṣẹ́ àpótí náà lé Dókítà, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò wa, lọ́wọ́? O pè mí láti inú yàrá ẹ̀rọ. O ní, "Mummy, e no gree. The two no wan join." O ní ọ̀gá rẹ tó gba iṣẹ́ náà ti sọ pé bí kò bá parí lálẹ́ yẹn, kí o má padà wá. Mo ń lọ ata lọ́wọ́. Èmi ìyá rẹ, kí ni mo sọ? Mo ní, "Manage am. Àwọn Dókítà ò mọ̀."

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú orí mi láti àárọ̀, bóyá mo máa rí i pé mi ò sọ ọ́. Mo sọ ọ́. O manage am lóòótọ́. O kó wáyà méjèèjì sínú àpótí òkè, ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iná tàn, o fi bébà B sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ọjọ́ kejì, pásítọ̀ gbàdúrà sórí pẹpẹ irin, a pín Fáńtà, Dókítà dá àpò rẹ̀ kọ́ apá. Ufuoma, onímọ̀ ẹ̀rọ wa, tí kò tíì mu tirẹ̀, ló ní, "Make we off one first, make we see." Mo rí ojú rẹ. Mo rí i bí o ṣe gbé itọ́ mì. Mo rò pé ẹ̀rù ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló ń bà ọ́. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, èmi tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo ní, "Ah ah, Ufuoma! Ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà sí, o fẹ́ pa á? Ẹ má fọwọ́ ara yín pe àìdáa." Gbogbo wọn ṣe àmín. Kódà Ufuoma fúnra rẹ̀ ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni kò pa nǹkan kan.

Ẹnu àdúrà ni mo fi bo iṣẹ́ rẹ mọ́lẹ̀, Ìbídùn. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Gbọ́ o. Ìdánwò kì í ṣe èpè. Bí o bá so nǹkan méjì kí ọ̀kan lè dúró fún èkejì, fi ọwọ́ ara rẹ yọ ọ̀kan níwájú àwọn tó ni ín, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, kí ọtí tó dé. Ẹni tó bá ní kí o má yọ ọ́, bó jẹ́ ìyá rẹ, yọ ọ́ lójú rẹ̀. Bí kò bá sì yé ọ, sọ pé kò yé ọ. Ọ̀gá tó máa lé ọ nítorí pé o béèrè, ó sàn kó lé ọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dùbúlẹ̀ sórí iṣẹ́ rẹ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mi ò fẹ́ kọ.

Nígbà tí mo já ọ lẹ́nu ọmú, mo ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Deco Road. A máa ń da ìwé kọ, a sì máa ń fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé ẹ̀rí fún àwọn ènìyàn. Ọmọbìnrin mìíràn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń jẹ́ Ejiro, Otor-Udu ló ti ń wá láràárọ̀. Ó máa ń fún ọ ní ẹ̀pà, o kò lè rántí. Lọ́jọ́ kan mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó gbóná jù, ìwé ẹ̀rí obìnrin kan sì jó sínú rẹ̀, ojúlówó, kò ní èkejì. Ọ̀gá béèrè ẹni tó ṣe é. Mo wo ilẹ̀. Ejiro ló dúró sún mọ́ ẹ̀rọ jù. Ó ní, "No be me, sir," ó sì bojú wò mí. Mo ń wo ilẹ̀ síbẹ̀. Ó kó sálúbàtà rẹ̀ àti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó lọ. Mi ò rí i mọ́. Bí mo bá wọ mọ́tò tó gba Otor-Udu kọjá, mo máa ń wo ojú gbogbo obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi.

Mo ti búra pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wá gbọ́ ohun tí mo ṣe láàárọ̀ yìí.

Lánàá, Ufuoma fẹ́ eruku kúrò lára àpótí méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo nǹkan dákú, ara rẹ̀ ni gbogbo ojú lọ. Ó ń la òógùn, ó ń tú ìdí ẹ̀rọ ńlá náà. Ó ti wo bébà: A lókè, B nísàlẹ̀. Ó ní bí B bá wà nísàlẹ̀, tí ìsàlẹ̀ sì tàn, á jẹ́ pé ẹ̀rọ ńlá ló bàjẹ́. Ó gba ohun tí o kọ gbọ́. Dókítà dé, kò jókòó. Ó ní, "Ufuoma, you touch am yesterday, today e die. After you repair am, pack your load."

"Ma, na only dust I blow."

"Na dust dey chop my patient so?"

Ibẹ̀ ni mo wà, lẹ́yìn pẹpẹ irin, wáyà rẹ lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo ronú kan ọjọ́ Ajé. Mo ronú kan aṣọ tuntun tí mo bá ọ rán. Mo jẹ́ kí wáyà náà bọ́ lọ́wọ́ mi, mo jáde lọ dúró nítòsí káńtà, mo sì ń wo ilẹ̀.

Ilẹ̀ kan náà, Ìbídùn. Bí mo ṣe wò ó ní Deco Road ni mo ṣe wò ó. Mo ti pé ọdún mẹ́tàdínlógójì, ọrùn mi kò gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ fún obìnrin náà láìmọ̀ èyí tó bá tirẹ̀ mu. Ọkọ rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí ẹsẹ̀ kan tó wọ sálúbàtà àti ẹsẹ̀ kan tí kò wọ̀, ó ń dún pà, ó ń dún pẹ̀ẹ́. Ìró yẹn ni mi ò lè fara dà. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ fún un, ó sá lọ. Mo sì dákẹ́ síbẹ̀, títí Ufuoma fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú. Ọ̀rá ni. Bíi ti Ejiro.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì, mo ní, "Dókítà, wire B no dey for B."

Ó yíjú. "Wetin you talk?"

Mo mú wọn wọlé, mo fi hàn wọ́n. Ufuoma fa wáyà náà yọ, ó tì í bọ inú àpótí ìsàlẹ̀. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, orúkọ àwọn aláìsàn jáde lórí gbogbo kọ̀ńpútà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́yìn tí mo ti fi mẹ́tàdínlógójì wo ilẹ̀.

"Who run this wire?" Dókítà ló béèrè.

"Na my pikin, ma."

Mọ́ríámọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà ní káńtà, ké sí mi lójú gbogbo ènìyàn: "Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá Ìbídùn? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka iná bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà?" Ó sọ òótọ́. Iná ni mo ń kà, mi ò tọ wáyà lẹ́yìn rí.

Ufuoma kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Aunty, since when you see am?" Mo sọ fún un. Ó gbé ojú sókè wo aago ara ògiri. Ó ní, "Aunty, you for just shout." Ó tún kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ọ̀rá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ọkọ obìnrin náà padà wá. Mo rò pé ó wá bú wa ni. Sálúbàtà rẹ̀ kejì ló wá wá, abẹ́ bẹ́ǹṣì ló wà. Ó ní ìyàwó òun ti bí, ọmọbìnrin ni, ẹ̀jẹ̀ náà sì ti dá. Ó ń dì mọ́ gbogbo wa. Ó ní, "God bless una! Una machine try!"

Ẹ̀rọ wa kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Ọwọ́ ènìyàn ló gbà á là. Wáyà rẹ kò sí níbẹ̀, ẹnu mi náà kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dì mọ́ mi ṣinṣin. Mo ṣì ń gbóòórùn òógùn rẹ̀ lára búláùsì mi, mi ò sì lè bọ́ ọ.

Ìmọ̀ràn kẹta kò gùn. Bí o bá ṣẹ̀, sọ ọ́ kí ẹ̀bi tó fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Má dúró de ìgbà tí ọkàn rẹ máa balẹ̀. Ọkàn kì í balẹ̀, aago ló máa ń lọ.

Ó kù kékeré. Má kọ ohun tí kò sí sára nǹkan láéláé. Bí o bá gbé wáyà kúrò ní B, ya bébà rẹ̀ kí o tó nàró. Ẹni tó máa ka ọwọ́ rẹ lè jẹ́ ẹni tí kò ní àyè láti tún un wò. Máa jẹun láàárọ̀. Ìbàdàn tutù ju ibí lọ, aṣọ òtútù rẹ wà nísàlẹ̀ àpò. Kí àwọn tí o bá bá níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó kí ọ.

Ohun tí Dókítà sọ nìyí, mo sì gbà á: "Make the person wey write B come show me B. Friday. If she no come, I go call that hospital myself." Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ ni. Ó ní mi ò ní í gbà á padà títí yóò fi rí ìparí ọ̀rọ̀ náà. Mo bọ́ okùn rẹ̀ kúrò lọ́rùn, mo fi lé e lọ́wọ́.

Mi ò ní kí o wá nítorí kọ́kọ́rọ́. Ilé ìwòsàn tí o ń lọ ní ibùsùn ju tiwa lọ, orí ibùsùn kọ̀ọ̀kan sì ni ìyàwó ẹnì kan. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gbà ọ́ fún: wáyà méjì, àpótí méjì, kí èkejì dìde bí ọ̀kan bá ṣubú. Bí o bá wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láìtíì ṣe é bó ṣe yẹ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rù ló máa máa bá ọ ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, wọkọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, kọ́kọ́ lọ bá Ufuoma kí o tó lọ bá Dókítà. Bẹ̀ ẹ́, kí o sì sọ fún un pé kò yé ọ, kí ó jókòó tì ọ́. Ó ti sọ fún mi pé òun á jókòó. Àpótí tuntun máa ti dé nígbà náà. Ya ọ̀rá àwọn okùn kúkúrú yẹn fúnra rẹ. So wọ́n. Kó gbogbo ènìyàn jọ, Mọ́ríámọ̀ náà, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ pa àpótí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní sọ̀rọ̀, mi ò sì ní wo ilẹ̀. Ojú rẹ ni mo máa máa wò.

Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, ó dára. Ẹ̀rù bà mí fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì, mo sì sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Mo fẹ́ kí o yá jù mí lọ.

Mo ti gbìyànjú láti dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ń lọ sí ọrùn láti yí kọ́kọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà gún mi, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà, kò sì bá nǹkan kan. Oòrùn ṣì ń ràn wọlé, àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ìlà yìí, mo ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kí n tó kọ ọ́, mo gbé bébà lé àyà, ìwé náà sì ń gbọ̀n díẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni.

Ìyá rẹ.